Ògiri Tí Zakariyya Mọ

Òjò ń rọ̀ sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn, gbogbo èèyàn ti sá, àfi ọmọbìnrin kan tó jókòó sójú kan náà, tó fi ọ̀rá we fóònù rẹ̀, tó sì ń fi ìka kan ṣoṣo ya nǹkan sí i. Omi ń ṣàn láti ara ìborí rẹ̀ wá sí ìgbọ̀nwọ́. Zakariyya Sàlámì, tó ń tún fóònù ṣe ní Bẹẹrẹ, ń kọjá lọ pẹ̀lú agboòrùn. Ó fẹ́ máa lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, òjò ń pa yín," ó sì na agboòrùn sí i lórí.

"Fóònù ni kẹ́ ẹ bò," ni ọmọbìnrin náà wí láìgbójú sókè. "Ẹ fi èmi sílẹ̀. Omi ò jẹ́ kó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Zakariyya bo fóònù. Òjò wá ń pa àwọn méjèèjì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó rí àwọn òrùlé àdúgbò Bẹyẹrúnká tó lọ salalu. Páànù tó ti dógùn-ún ni, àmọ́ ọmọbìnrin yìí ti fi àwọ̀ àlùkò kùn wọ́n, bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ ló sùn lé wọn lórí.

"Ta ló ń rí àwọn àwòrán yín?"

"Èmi ni. Àti bàbá mi, ojú tiwọn náà sì ti ń ṣú."

Ẹniọlá Èjìdé lorúkọ rẹ̀, Àrẹ̀mọ nilé wọn.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti dàrú mọ́ Zakariyya lójú. Yóò tú fóònù oníbàárà, yóò gbàgbé ẹni tó ni ín. Kò mọ̀ bóyá àwòrán náà lòun ń rò ni, àbí ẹni tó yà á. Ó ti fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ojúlé sórí ayélujára, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi kan tí àwọn tó ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà yàwòrán yóò ti máa gbé iṣẹ́ wọn kọ́, kí wọ́n lè máa wo ti ara wọn, kí wọ́n sì máa kọ́ ara wọn. Ó pè é ní Ògiri.

Ẹniọlá ló kọ́kọ́ gbé àwòrán kọ́ síbẹ̀. Òun náà ló ṣòfin ibẹ̀: "Ohun tí ọwọ́ rẹ kò bá yà, má gbé e kọ́." Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àwọn ayàwòrán ti ń wọlé láti Ṣakí, láti Ìlọrin, títí dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

"Bíríkìlà," bí Ẹniọlá ṣe ń pè é nìyẹn, "ògiri ẹ ti wọ́ o. Àwòrán ń rọra jáde bí ìyàwó ọ̀ṣìngín."

"Onílé mi, ẹ ní sùúrù fún lébìrà yín."

Lọ́jọ́ kan, Zakariyya kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí i: òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀; ṣé ó gbà, àbí kò gbà? Kò rí ọ̀rọ̀ kankan gbà padà. Àwòrán ewúrẹ́ kan tó dúró sórí òrùlé ló rí. Ó yí fóònù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ṣé òun ni ewúrẹ́ ni? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rò ó. Lọ́jọ́ kẹrin, Ẹniọlá yọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ewúrẹ́ yẹn kò mọ bó ṣe dé òrùlé," ló wí, ojú ń tì í, "ṣùgbọ́n kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

Zakariyya rẹ́rìn-ín títí oníbàárà kan fi gba fóònù rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Ẹniọlá gbé àwòrán kan kọ́ sórí Ògiri: obìnrin kan tó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹyẹ kékeré kan kọ́ ìtẹ́ sínú irun rẹ̀. Ẹnu àwọn èèyàn ò gbà á. Kò pé ọjọ́ méjì tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Tóbilọ́ba, ará Ìdí Arẹ̀rẹ̀, fi kọ̀wé pé, "Èmi ni mo ya èyí lọ́dún méjì sẹ́yìn." Ó gbé tirẹ̀ jáde, ọjọ́ tó yà á sì hàn lára rẹ̀ kedere. Obìnrin kan náà, ẹyẹ kan náà.

Ariwo ta. Àwọn kan láwọn máa kó iṣẹ́ àwọn kúrò. Zakariyya pe Ẹniọlá lẹ́ẹ̀mẹfà, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ojú rẹ̀ ń rí ọjọ́ tó wà lára àwòrán Tóbilọ́ba, ọkàn rẹ̀ ń rí Ẹniọlá, kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Ẹ̀rù sì ń bà á pé ohun tó fi gbogbo agbára mọ fẹ́ wó. Ó yọ àwòrán náà, ó ti Ẹniọlá síta, ó sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo wọn ti rí i: "Ògiri kò gba olè."

Ọjọ́ kejì ni Ẹniọlá dé.

"Zakariyya." Kò pè é ní Bíríkìlà. "Èmi lolè?"

"Mo pè ẹ́, fóònù ẹ ò lọ."

"Ọsibítù ni mo mú bàbá mi lọ, ojú wọn ni wọ́n ń wò. Fóònù mi kú. Ẹsẹ̀ tìẹ náà kú ni? Láti Bẹẹrẹ sí Àrẹ̀mọ, kí ló jìnnà níbẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ náà ló rú mi lójú..."

"Ẹni tọ́rọ̀ bá rú lójú, ìbéèrè ló ń béèrè. Kì í dájọ́."

Ó lọ, kò wẹ̀yìn.

Ìdàrúdàpọ̀ tó wá bá Zakariyya yìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí kò bá jí i, níbo ló ti rí i? Bó bá jí i, kí ló dé tí ojú rẹ̀ kò fi yẹ̀? Níkẹyìn, ó ṣe ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe. Ó dìde, ó lọ béèrè.

Télọ̀ ni Tóbilọ́ba. Nígbà tí Zakariyya bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ni mo fi yà á o. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ara pátákó onídìrí kan ní Òjé ni mo ti rí i. Ó wù mí ni."

Wọ́n jọ lọ sí Òjé. Pátákó náà nìyẹn lókè ẹnu ọ̀nà, oòrùn ti jẹ ìdajì ọ̀dà rẹ̀. Obìnrin náà rèé, ẹyẹ náà rèé. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí wínníwínní: ÈJÌDÉ, ÀRẸ̀MỌ.

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, Zakariyya ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́dẹ̀dẹ̀ Bàbá Èjìdé. Ọ̀dà ni bàbá yìí fi jẹun láyé rẹ̀, òun ló ń kọ pátákó ìsọ̀ fún wọn káàkiri Ìbàdàn. Etí ló yí sí àlejò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo pe ọmọ yín lólè. Mo ti rí pátákó tẹ́ ẹ kọ ní Òjé."

"Mo gbọ́. Ìyá rẹ̀ lobìnrin inú pátákó yẹn. Mi ò tíì fẹ́ ẹ nígbà náà. Mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bá a sọ̀rọ̀, ni mo bá yà á síbi tó ti ń dirí, kó lè rí ara rẹ̀ bí mo ṣe ń rí i. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti kú. Ẹniọlá lóun fẹ́ tún un yà, pé lójú fóònù, òun lè fẹ̀ ẹ́ tóbi fún mi, kí ojú mi tó ṣú tán."

Zakariyya kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kì í ṣe èmi ni kó o bẹ̀," ni bàbá wí. "Ojú ayé lo ti bú u. Ojú ayé náà ni kó o ti kó ọ̀rọ̀ ẹ jẹ."

Ẹniọlá wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń gbọ́. Kò jáde.

Zakariyya kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lórí Ògiri. Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò fi bò, ó sì gbé fọ́tò pátákó Òjé síbẹ̀. Tóbilọ́ba náà tọrọ gáfárà, ó sì fi orúkọ Bàbá Èjìdé sábẹ́ àwòrán tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ẹniọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Mi ò mọ̀ bóyá mo ti dárí jì ẹ́. Láàárọ̀, màá ní mo ti ṣe é. Tó bá dọ̀sán, inú á tún bí mi."

"Èmi náà ò mọ bí màá ṣe bẹ̀ ẹ́ tó o máa gbà."

"Kọ́kọ́rọ́ Ògiri kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan mọ́. Kó wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu èèyàn kí wọ́n tó lé e."

"Mo gbà."

"O ò tiẹ̀ rò ó?"

"Mo ti rò ó débi tí orí fi ń fọ́ mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ẹniọlá láìròtẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọdún yípo, àwọn ará ilé Sàlámì gbọ̀nà Àrẹ̀mọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń so yìgì, Àfáà bi Ẹniọlá bóyá ó gba Zakariyya lọ́kọ. Ẹniọlá tẹ orí ba, kò fọhùn. Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dídákẹ́ wúńdíá, gbígbà ni," ni Àfáà wí, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Àfáà, ẹ forí jì mí." Gbogbo ojú yí sí Zakariyya. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Ìyá Zakariyya fà á láṣọ. Ọ̀rọ̀ rú Àfáà lójú. Bàbá Èjìdé nìkan ló ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹniọlá gbójú sókè, ó wo ọkùnrin náà títí.

"Mo gbà," ló wí, àwọn tó dúró lójúde pàápàá sì gbọ́ ọ.