Òfin Kì Í Dúró De Ọgọ́rùn-ún Ọjọ́

Mitsuyo ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́ nílé rẹ̀ ní Japan nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Chisato, pè é láti Kánádà. Ojú Haruma, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lọ́hùn-ún, ló kún fóònù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí róbótó.

"Mọ̀mí, a ń bọ̀ wálé fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi ẹja kàn án lẹ́nu bí oúnjẹ àkọ́kọ́, bí àṣà wa ṣe wí."

"Ohun tí mò ń retí nìyẹn. Ọjọ́ yẹn náà la máa lọ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìdílé wa tó wà lọ́dọ̀ ìjọba."

Nobuko, àbúrò ọkọ Mitsuyo, wà níbẹ̀ tó ń mu tíì. Ọ́fíìsì ìlú, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ, ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì.

"Ìyàwó wa, ẹ dúró ná. Chisato, ṣé ẹ ti fi ìbí ọmọ yìí tó iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba wa létí lọ́hùn-ún?"

"Rárá, àǹtí. Mọ̀mí ní ká jẹ́ ká ṣe é nílé."

"Ọmọ wa ni," Mitsuyo fèsì. "Ta ló máa sọ pé kì í ṣe ará Japan?"

"Òfin ni. Ẹ̀jẹ̀ yín sọ ọ́ di tiwa, ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí sì sọ ọ́ di tiwọn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìbí rẹ̀ tó ìjọba wa létí, kó sì sọ pé òun fẹ́ kó máa jẹ́ ọmọ Japan lọ. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó bọ́ nìyẹn, bí ẹni tí kò jẹ́ ọmọ Japan rí. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ sì ju oṣù mẹ́ta lọ."

Mitsuyo gbé ọ̀bẹ ẹja sílẹ̀. "Kò wá sí bá a ṣe lè gbà á padà?"

"Ó wà, bó bá wá ń gbé ọ̀dọ̀ wa kó tó pé ọdún méjìdínlógún. Ṣé bàbá rẹ̀ máa fiṣẹ́ Kánádà sílẹ̀ ni?"

Chisato mí kanlẹ̀. "Iléeṣẹ́ aṣojú yẹn jìnnà, yìnyín sì ń bọ́. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká dúró, Mọ̀mí."

Ẹlòmíì ì bá bínú. Mitsuyo ò bínú, ìwà rẹ̀ sì wúni lórí. "Èmi ni mo ṣì í, ọmọ mi. Ẹ má dúró dè mí mọ́. Bẹ́ ẹ ò bá tíì kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá jẹ ẹja mi."

Wọ́n lọ, wọ́n sì fi ìbí Haruma tó wọn létí kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ sókè òkun, ẹ tètè béèrè ohun tí òfin ìlú méjèèjì wí. Ẹ má sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó. Bí Haruma bá dàgbà, òfin Japan á ní kó mú ìlú kan nínú méjì. Òun ló ni yíyàn yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ìlọ́ra yín bá ọmọ yàn án.