Ìtàkùn Elégédé Tí Màmá Hú

"Dára elégédé! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ń jẹ oúnjẹ aláìléyín!"

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé wọn ní Ìlọràá. Fìyìnfólúwa, ọ̀rẹ́ Dára, ni ó sọ̀rọ̀ náà. Dára sáré fi ọmọrí bo abọ́ rẹ̀. Màmá Àwẹ̀ní, ìyá bàbá rẹ̀ tí ń tọ́ ọ, ni ó se elégédé náà láàárọ̀: díẹ̀ ṣá, láìfi àlùbọ́sà sí i, nínú ìkòkò kékeré tí ó yà sọ́tọ̀ nítorí inú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ń wú, tí ń run. Dókítà kan ní Ọ̀yọ́ kò sọ pé elégédé ń wo inú rírun sàn o. Ohun tí ó sọ ni pé kí Dára yàgò fún ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ná, pé elégédé níwọ̀nba lè bá a lára mu.

"Ìdánwò ìṣirò la fẹ́ kọ lọ́sàn-án yìí. Jẹun bí èèyàn, jàre!" Fìyìnfólúwa ti búrẹ́dì àti ẹ̀wà sí i.

Ìtìjú borí ọgbọ́n. Dára da elégédé sẹ́yìn ọgbà, ó jẹ ẹ̀wà yó.

Ìdánwò kò tíì dé ìdajì tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ bí aṣọ tí a ń fún. Ìwé ìdáhùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nígbà tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé e lọ sílé.

"Kí lo jẹ?" Màmá sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀rù ba Dára. "Elégédé tí ẹ sè fún mi náà ni, Màmá."

Màmá yí padà. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, níbi tí ìtàkùn elégédé ti nà dé ara ògiri. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ọmọdé fi ìka tọ́ka sí èso rẹ̀, kí ó má baà jẹrà, òun fúnra rẹ̀ na ìka sí i.

"Ṣé ìwọ tí mo fi ń bọ́ ọmọ mi ló wá ń pa á lára!"

Ó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Dára gbọ́ bí ìtàkùn ti ń já. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. "Màmá, ẹ dákun! Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀wà ni mo jẹ, mo da tiyín nù."

Màmá dúró, ìtàkùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé oúnjẹ mi ń tì ọ́ lójú ni, ọmọ mi?"

Dára jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀, ó tún gbòǹgbò náà rì mọ́lẹ̀, ó bomi rin ín. Àmọ́ kí ọjọ́ ọjà ìlú tó tún pé, gbogbo ewé rẹ̀ ti rọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdánwò tó bọ́ lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ẹni tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ kì í bá wa pín nínú ìrora, irọ́ tí a sì fi bo ìtìjú, orí ẹni tó fẹ́ràn wa ni í wó lé.