Ọkọ̀ Tó La Ọjà Kọjá

Ẹ má ka eléyìí sí àlọ́. Ojú gbogbo ọjà ló ṣe, nígbà tí oòrùn ràn kedere. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí ṣì máa bá Màmá Chalao nídìí ẹja rẹ̀, kó bi í.

Ọdún kọkànlá rèé tí Rachanok ti ń mú àlejò láti Bangkok wá wo àwọn ọjà àtijọ́ ní ìgbèríko. Ọjà ojú irin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà, kí wọ́n tó lọ sí ọjà orí omi. Kò sú u rí. Àwọn ọlọ́jà á pàtẹ títí kan irin gan-an. Bí rélùwéè bá fọn fèrè, wọn á ká àtíbàbà, wọn á fa àtẹ sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ tòmátì kọjá. Tòmátì kan ò ní yí. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, ọjà ti padà sípò. Orí Rachanok a máa wú, bí ẹni pé òun ló bí gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ náà, àlejò márùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Thongdi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Rachanok, o tún ti sanra!" Màmá Chalao kí i. "Ṣé ọkọ ló ń bọ́ ẹ, àbí àlejò?"

"Ẹja yín ni, Màmá."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dá lójijì. Ó dẹ etí.

Fèrè kankan ò dún. Síbẹ̀ ọwọ́ gbogbo ọjà lọ sókè. Àtíbàbà ń ká láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ìgbà tí ẹyẹ ń pa ìyẹ́ dé.

"Màmá, ọkọ̀ wo nìyí? Ó di aago mọ́kànlá kí òmíràn tó dé."

"Kó àwọn èèyàn rẹ wọlé."

"Ṣùgbọ́n . . ."

"Wọlé, ọmọ mi."

Ọjà pa rọ́rọ́. Ọ̀bẹ dúró lórí pákó. Ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ń tà nínú báàfù dákẹ́.

Thongdi nìkan ló dúró sáàárín irin. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ ọ̀hún dà?"

Omi inú báàfù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Màmá Chalao, ẹni àádọ́rin ọdún, fò kọjá àtẹ rẹ̀, ó gbá a lẹ́wù mú, àwọn méjèèjì sì ṣubú sínú apẹ̀rẹ̀ ẹja. Fìlà Thongdi já bọ́ sórí irin.

Atẹ́gùn kọjá. Ó gùn. Òórùn èédú wà lára rẹ̀. Gbogbo ewé ẹ̀fọ́ dojú kọ ibì kan náà. Rachanok ò rí nǹkan kan, àfi àwọn ọlọ́jà òdìkejì tí wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ níwájú àyà, tí wọ́n tẹrí ba.

Lẹ́yìn náà, àtíbàbà ṣí. "Ẹja rèé o!"

Fìlà ti gé sí méjì. Rachanok fọwọ́ kan irin. Ó gbóná bí agbada.

"Màmá, kí ló kọjá?" Thongdi bèèrè. "Mi ò rí ọkọ̀ kankan."

"Ọkọ̀ ni." Màmá ń to ẹja rẹ̀. "Èmi náà ò rí i rí. Ìyá mi ò rí i. Ṣé torí pé a ò rí i, ká má yàgò fún un?"

Rachanok wo ọwọ́ àgbà tó ń to ẹja náà. Jìnnìjìnnì bò ó, ṣùgbọ́n iyì àwọn ọlọ́jà náà tún ga sí i lójú rẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n dé ọjà orí omi. Obìnrin tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ na abọ́ ọbẹ̀ sí wọn. Thongdi ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó gbá abọ́ náà mú.

"Obìnrin kan juwọ́ sí mi," ó ní. "Láti ojú fèrèsé, nígbà tí atẹ́gùn yẹn ń kọjá."

Rachanok gbé ṣíbí sílẹ̀. "Baba, ẹ ní ẹ ò rí ọkọ̀."

"Mi ò rí ọkọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.