Ọwọ́ Méjì Lójú Kọ̀ǹpútà Kan

Josiah ti gbé àpótí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ kí Mùjídàt tó sáré dé ibùdókọ̀ Takie. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ jọ, ṣùgbọ́n bó ṣe fojú kan Josiah, gbogbo rẹ̀ fò lọ lórí rẹ̀.

Ọdún 1989 ni. Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, àwọn méjèèjì ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Akínpẹ̀lú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn kan, pé kí kọ̀ǹpútà máa kọ orúkọ ẹni tó kàn láti rí dókítà sójú rẹ̀. Josiah ló ṣe apá ètò kọ̀ǹpútà náà tó ń kọ orúkọ síta. Mùjídàt ṣe apá tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tó ń wá káàdì aláìsàn.

"Mùjídàt, apá tìrẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà o," ni Ọ̀gá kìlọ̀. "Tó bá ti rí orúkọ, kó fi sílẹ̀ fún apá Josiah, kí ìyẹn kọ ọ́. Tẹ́ni méjì bá jọ ń kọ̀wé sójú kan náà lára pátákó, ṣé a máa rí i kà?"

"Rárá, sà."

Ẹnu lásán ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni Ọ̀gá máa mú lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i n'Ìbàdàn, Mùjídàt sì fẹ́ fi hàn pé òun yá ju Josiah lọ. Kò ní sùúrù kí apá Josiah wá gba orúkọ. Ó jẹ́ kí apá tirẹ̀ máa kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ó fi káàdì mẹ́ta dán an wò, kíá ló ń jáde. Ọ̀gá yìn ín, orí rẹ̀ wú.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an, èrò pọ̀, apá méjèèjì sì ń kọ̀wé mọ́ra wọn lórí. Ìdajì orúkọ kan wọ inú òmíràn, nọ́ọ̀sì ò rí i kà. Ìyá Marufat, tó ti pọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wá láàárọ̀ nítorí ibà, jókòó títí di ọ̀sán.

"Ẹ dákun, ṣé ẹ ò tíì pè mí ni?" ló ń bi wọ́n. Ọrùn ọmọ náà ti rọ̀ jọwọlọ kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ó yè é.

Ojú kọ̀ǹpútà ló dàrú, Josiah ló sì ni ibẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ibi tó ti wá." Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé wọn l'Ọ́yọ̀ọ́. Mùjídàt dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko tí Josiah fi ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, Mùjídàt ò lè wojú Ọ̀gá. Ìtìjú ara rẹ̀ ń pa á.

"Èmi ni, Josiah," ló wí nínú ariwo Takie. "Apá tèmi ló ń kọ̀wé síbi tí kò yẹ. Mo ti jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n wá pè ẹ́ padà."

Josiah yíjú sí i. "O wà níbẹ̀ nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"O ò sì sọ nǹkan kan."

"Mi ò sọ nǹkan kan."

Josiah gbé àpótí rẹ̀, ó yí padà sọ́nà ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Mùjídàt nawọ́ pé kóun bá a gbé e, kò fún un.

Josiah ló bá Ọ̀gá lọ sí Ìbàdàn. Mùjídàt lọ kúnlẹ̀ bẹ Ìyá Marufat, ìyẹn sì gbà. Kí Josiah tó lọ, ó ṣì ń kí Mùjídàt láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò bá a ṣàwàdà mọ́. Àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà, wákàtí kan ni Mùjídàt fi tún un ṣe. Ẹnu tó pa mọ́ nígbà tí wọ́n ń fìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ ẹlòmíràn ni kò rí tún ṣe.