Ẹ Kú Ìtọ́jú Ọkọ Mi

Mi ò pa àlọ́ fún yín o. Ní Ìgbòho ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan sì ni, nígbà tí àwọn obìnrin sá èlùbọ́ sórí àpáta. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ sí gáréèjì, kó béèrè lọ́wọ́ Mojeed tó ń tún fóònù ṣe. Fóònù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá gbà á.

Kàdírì, àgbẹ̀ oníṣu, ló ṣubú lórí ọ̀kadà nígbà tó ń ti oko bọ̀. Orí ló fi gbálẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí, Ọlọ́run sì kó o yọ. Ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé, ó mọ ìyá rẹ̀, ó sì mọ orúkọ Màríámù ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé ní Ìlọrin. Ayọ̀ ni Mùyìbátù ìyàwó rẹ̀ fi gbé ọbẹ̀ dání wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó kúnlẹ̀, ó kí i.

Ọkùnrin náà wò ó títí.

"Ẹ ṣeun o," ló wí. "Ìyàwó mi ńkọ́? Ṣé kò bá yín wá ni?"

Ẹ gbọ́ ná. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, Kàdírì kò fi "ẹ" bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Àlejò là ń kí báyẹn. Mùyìbátù rò pé eré ni, ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin yìí jọ ìyàwó òun lóòótọ́, òun kò jiyàn. Ojú ni, imú ni, èjí ẹnu rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.

Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ pe Mùyìbátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní orí ọkọ rẹ̀ kò dàrú. Ojú rẹ̀ ń rí, àmọ́ ọ̀nà tí ojú fi ń ránṣẹ́ sí ọkàn ló já nígbà tó forí gbálẹ̀. Bó bá rí ìyàwó rẹ̀, ara rẹ̀ kì í sọ fún un pé èèyàn rẹ̀ rèé. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà ti etí má já. Kí Mùyìbátù bọ́ síta, kí ọkọ rẹ̀ má rí i, kó pè é lórí fóònù.

Mùyìbátù lọ dúró sábẹ́ fèrèsé. Ó pè é. Oríkì ló fi pè é, "Àjàgbé." Bí ọkùnrin náà ṣe bú sẹ́kún nìyẹn. "Ibo lo wà látàárọ̀? Mùyìbá, ibo lo wà?"

Wọ́n máa ń ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti Kàdírì, etí lọ̀rọ̀ lọ ń gbé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tí wọ́n padà sí Ìgbòho. Tí Mùyìbátù bá gbé oúnjẹ fún un, á ní ẹ ṣeun, á gbójú kúrò. Yàrá iwájú ló ń sùn, ó sì ń ti ilẹ̀kùn. Tó bá di ọ̀sán, Mùyìbátù á gba ẹ̀yìnkùlé lọ sábẹ́ igi máńgòrò, á pè é. Ìgbà yẹn ni ọkọ rẹ̀ á tó dé. Á rẹ́rìn-ín, á yọ ọ́ lẹ́nu bíi ti àtijọ́. Á wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Obìnrin kan wà nílé yìí," á ní. "Kò ṣe mí níbi o. Ṣùgbọ́n tó o bá ti dé, kó máa lọ ilé rẹ̀."

Ta ni ọkọ rẹ̀ á máa fẹjọ́ rẹ̀ sun òun fúnra rẹ̀ tí kò ní sunkún? Mùyìbátù ń sunkún, ó ń gbé e mì. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kí ọkùnrin yìí wò ó lójú lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì mọ̀ ọ́n.

Ìyá Kàdírì kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ fóònù yẹn rárá. Ojú ìyá ti fọ́, iwájú ilé ló ń jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní wọ́n ń kọ́ ọmọ òun láti máa jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n láti kékeré: bí ẹ bá gbọ́ orúkọ yín lọ́sàn-án, tí ẹ wẹ̀yìn tí ẹ ò rẹ́nìkan, ẹ pa ẹnu mọ́. Ìyá ní òun tí òun kò rí ẹnikẹ́ni mọ́, òun kì í dá ohùn kankan lóhùn títí òun á fi fọwọ́ kan ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ṣe. Bí Mùyìbátù bá wọlé, ìyá á ní, "Mú ọwọ́ wá." Á tọ́ àtàǹpàkò òsì rẹ̀ wò, níbi tí ọ̀bẹ ìbẹṣu ti bù ú jẹ nígbà kan, tí àpá rẹ̀ le kókó. Ìgbà náà ni á wá ní, "Káàbọ̀, Mùyìbá." Àpá yẹn nìkan ló kù tó ń jẹ́rìí sí i nínú ilé náà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Mùyìbátù ń bọ iṣu tó fẹ́ fi ṣe èlùbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti koná, fóònù yọ̀ láyà rẹ̀, ó já sínú ìkòkò gbígbóná. Ó sáré gbé e lọ fún Mojeed. Mojeed tú u, ó mi orí. Ó yọ síìmù fún un, ó ní kó padà wá lẹ́yìn Jímọ̀. Mùyìbátù so síìmù náà mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó kọjú sílé. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n. Bí Kàdírì bá retí ìpè tí kò gbọ́ ńkọ́?

Ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ ẹ̀rín ọkọ rẹ̀.

Kàdírì wà ní pálọ̀, fóònù wà lórí itan rẹ̀, ó fi í sí sípíkà.

"Àjàgbé," ni fóònù ń wí, "ṣé wọ́n ti kó iṣu oko ìsàlẹ̀ wálé?"

Ohùn Mùyìbátù ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú rẹ̀kọ́dà rí mọ̀ pé kì í jọ tẹni, bí ohùn ẹlòmíì ló ń dún. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń gbọ́ ara rẹ̀ nínú agbárí rẹ̀ gan-an ló ṣe gbọ́ ọ. Ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Síìmù wà níbẹ̀.

"Bàbá Màríámù, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìyàwó mi ni," Kàdírì dá a lóhùn jẹ́jẹ́.

Fóònù tún fọhùn.

"Àjàgbé, ṣé obìnrin yẹn ló dé? Gbé mi fún un."

Mùyìbátù gba fóònù. Ó ń gbọ́ afẹ́fẹ́, ó ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń sáré.

"Ẹ kú ilé o." Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló kí i. "Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ mi. Ọlọ́run á san án fún yín. Ó pẹ́ tí mo ti dúró sábẹ́ fèrèsé yẹn. Mo ti kúrò ní Ṣakí báyìí. Mò ń bọ̀."

Mùyìbátù fẹ́ béèrè pé ìwọ ta ni. Ó la ẹnu. Ẹ̀rù wá bà á pé irú ohùn wo ni yóò jáde níbẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

Kàdírì gba fóònù rẹ̀. Ó lọ gbé àpò aṣọ Mùyìbátù wá, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kó má bínú, ó ti ṣe dáadáa, òun ò ní gbàgbé oore rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ mú bùbá tó fi ń kírun Jímọ̀. Ó ń kọrin lábẹ́nu. Mùyìbátù kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣubú.

Mùyìbátù jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. Mi ò lọ, ló ń wí nínú ara rẹ̀. Ìyá wà níwájú ilé. Ìyá mọ̀ mí. Kò sí ohun tó máa kọjá lọ́dọ̀ ìyá tí kò ní fọwọ́ kàn.

Ọ̀kadà dúró níta. Ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀. Ó ń wọ́ sálúbàtà díẹ̀díẹ̀, bí Mùyìbátù ṣe máa ń wọ́ ọ.

"Ẹ kú ilé o."

Ìyá kò dáhùn. Ọkàn Mùyìbátù rọlẹ̀ díẹ̀.

"Mú ọwọ́ wá," ìyá wí.

Mùyìbátù na etí.

"Káàbọ̀, Mùyìbá," ìyá wí. "Kí ló dé tó o pẹ́ báyìí?"

Nínú ilé, lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, Mùyìbátù di àtàǹpàkò òsì rẹ̀ mú. Ó ń fi ìka wá àpá náà.