Aṣọ Tí Leah Fún Omi

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ní ọdún 1955, Ikúmápàyí ń bọ́jú lẹ́yìnkùlé ní Bàrígà, ó sì bi àbúrò rẹ̀, Kọ́ládé, pé ọjọ́ wo lòní nínú oṣù. Kọ́ládé ní ọjọ́ kìíní oṣù Épírì ni, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó yà sọ́tọ̀ láti fi purọ́ tan ara wọn. Títí di agogo méjìlá ọ̀sán, ẹni tí irọ́ bá mú, òun ni fúùlù.

Ikúmápàyí rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i láyà. "Ẹ̀yin ará Èkó, ọjọ́ wo lẹ kì í purọ́ tẹ́ ẹ fi ń wá ọjọ́ fún un?" Ó gbé àjẹ̀ lé èjìká, ó gba ọ̀nà ọ̀sà lọ.

Kọ́ládé kì í ṣe apẹja. Tíṣà kan ló tọ́ ọ dàgbà ní Èkó, ohun tó sì mọ̀ nípa ìlú bàbá rẹ̀ létí òkun kò ju orúkọ ìlú náà lọ. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní àárọ̀ yẹn, Gbádégẹṣin, tí wọ́n jọ ń to lẹ́tà, sọ fún un pé ọmọge kan ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́ládé fi kẹrosín-ìn fọ tàdáwà kúrò lọ́wọ́, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó jáde, ó bá ewúrẹ́ kan níbẹ̀. Gbogbo ilé ìtẹ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú náà ká a lára. Nígbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́ tí ọ̀gá ní kí wọ́n lọ padà wá lọ́sàn-án, ó forí lé ilé, ó ń wá ẹni tí yóò gbé e fún.

Leah, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló bá nílé, tó ń yí ẹja lórí iná. Kọ́ládé fajú ro.

"Ìyàwó, ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi ti dojú dé. Wọn ò rí i."

Ó ń retí igbe, kó lè dá a lóhùn pé fúùlù. Leah kò ké. Ó nu ọwọ́, ó wọ yàrá, ó sì gba ẹ̀yìn jáde. Kọ́ládé rò pé ó ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ó jókòó, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Agogo iléèwé lù fún ìsinmi agogo mẹ́wàá.

Nígbà tí Leah dé, ọwọ́ rẹ̀ tutù dé ìgúnpá, ẹrọ̀fọ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ló tó jókòó sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kọ́ládé fò dìde. Ó ní eré ni, ó búra, ó bẹ̀ ẹ́. Ẹkún náà dá wáí.

"Akọ̀wé," obìnrin náà ní, ohùn rẹ̀ kò sókè, "mo ti fún un láṣọ."

Ó ṣàlàyé fún un. Níbi tí wọ́n ti wá, bí omi bá gbé ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ sunkún títí yóò fi mú aṣọ tí ọkùnrin náà fi bora mọ́jú. Yóò so òkúta mọ́ etí aṣọ náà, yóò pe ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì jù ú sómi, kí òtútù má baà mú un lọ́hùn-ún. Wọn kì í ṣe é fún alààyè. Kọ́ládé bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á padà. Leah ní òun kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n gbà á padà.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ikúmápàyí fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Inú Kọ́ládé dùn débi pé ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Leah fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. Kíjìpá aláró ni ọkọ rẹ̀ fi bora, omi sì ń kán láti ara rẹ̀.

"Leah, mo gbọ́ ìpè rẹ," Ikúmápàyí ní. "Òtútù ń mú mi." Ó wọ yàrá. Aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà kò mì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Mákánjúọlá, tó máa ń bá a wakọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ó ká fìlà sọ́wọ́. Ó ní Ikúmápàyí ti kú. Kọ́ládé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ga ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa fúùlù? Ẹ wọlé, ó wà ní yàrá."

Mákánjúọlá kò mọ ohun tó ń jẹ́ fúùlù. "Agogo iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni," ó ní. "Ó dìde nínú ọkọ̀, ó ní, 'Mò ń bọ̀.' Èmi ò gbọ́ ẹni tó pè é. Ó bọ́ sómi bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Nígbà tá a fi rí i fà jáde, kò mí mọ́. Àkànó, ẹnì kẹta wa nínú ọkọ̀, ló ń ṣọ́ ọ létí ọ̀sà báyìí."

Kọ́ládé ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè. Yàrá náà kò ní ọ̀nà mìíràn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Kíjìpá náà wà lórí ẹní, ó rin gbindin, òkúta tí Leah so ṣì wà létí rẹ̀.

Ọdún kẹta rèé. Leah kò padà sílùú wọn, kò sì fẹ́ ọkọ mìíràn. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń gbé oúnjẹ síwájú Kọ́ládé, á sì kúnlẹ̀ fún un. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀.