Orin Inú Tábìlì

Gooro ni wọ́n ń pe ọmọ yìí. Ohùn rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ.

Bí Gooro bá pe màmá rẹ̀ nínú yàrá, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà á jẹ́, "Òo!"

Òní ni ọjọ́ Ìsinmi. Gooro ti wẹ̀. Ó ti wọ bàtà. Orin ti kún inú rẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun.

Tẹ́lẹ̀, ilé ìjọsìn ni wọ́n máa ń lọ. Dùùrù á dún, bùùùù! Gooro á lanu, á kọrin, fèrèsé á máa gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n àgádágodo ńlá ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn báyìí. Àwọn aláṣẹ ní kò sí ìsìn mọ́, kò sí orin mọ́. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n á mú un lọ.

"Lọ síbo?" ni Gooro bi Màmá.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kàn ń tún okùn bàtà Gooro so.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àgbà ni wọ́n gbà lọ. Káfíńtà ni Bàbá Àgbà. Pákó ló fi kan ṣọ́ọ̀bù náà látòkè délẹ̀. Tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ gùn gbọọrọ, Bàbá Àgbà sì kan ìpẹ̀kun rẹ̀ kan mọ́ ògiri.

Kó! Kó! Kó! Nọ́ọ̀sì dé. Ó gbé àga dání, bí ẹni tó fẹ́ tún àga ṣe.

Kó! Kó! Kó! Alábúrẹ́dì dé. Òun náà gbé àga.

Kó! Kó! Kó! Tíṣà dé. Kí ni Tíṣà gbé? Àga ni!

Kò sí èyí tó kán nínú gbogbo àga wọ̀nyí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Bàbá Àgbà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àìsàn àga yín yìí, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló máa ń dé!"

Wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Bàbá Àgbà gbàdúrà, wúyẹ́wúyẹ́. Ó wá kan orin.

"Ètè nìkan o," ni Màmá sọ sí Gooro létí. "Má fi ohùn sí i. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, Bàbá Àgbà ni wọ́n máa mú."

Gooro wo Bàbá Àgbà. Ó wo irùngbọ̀n rẹ̀ tí eruku pákó lẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ràn bàbá yìí gan-an ni.

Ètè Nọ́ọ̀sì ń lọ. Ètè Alábúrẹ́dì ń lọ. Ètè Tíṣà ń lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́.

"Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́," ni Gooro sọ jẹ́jẹ́, "ṣé orin wa ti kú ni?"

Omi lé ròrò sójú Bàbá Àgbà.

Inú Gooro bàjẹ́. Ó gbé orí lé tábìlì. Ó fi etí kan lé pákó, ó sì pa ẹnu dé pátápátá.

Ẹnu ti pa dé, ṣùgbọ́n orin ṣì wà nínú. Ó ń ta, ó ń yí, ó ń wá ọ̀nà.

M̀-m̀-m̀-m̀...

Yéè! Kí nìyẹn?

Pákó ń dún sí Gooro létí! Orin rẹ̀ ni, inú igi ló gbà!

Lápá kejì tábìlì, Alábúrẹ́dì fa ọwọ́ yọ fìrì. "Ẹ gbà mí o," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́, "nǹkan kan ń rìn mí lọ́wọ́."

Ó tún fi ọwọ́ lé e. Ojú rẹ̀ là rekete. "Orin mà ni!"

Nọ́ọ̀sì fi etí lé tábìlì. Màmá fi etí lélẹ̀. Tíṣà fi etí lélẹ̀, awò ojú rẹ̀ já bọ́, pàkà! Kò tilẹ̀ yà á mú.

Bàbá Àgbà ló fi tiẹ̀ lélẹ̀ gbẹ̀yìn, tòun ti irùngbọ̀n.

Gbogbo wọn pa ẹnu dé. M̀-m̀-m̀-m̀...

Bí o bá dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, o kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú igi, háà! Orin kún ibẹ̀ bámúbámú.

Eruku pákó tó wà lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ara Gooro bù máṣọ. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù tí í léni sá. Ẹ̀rù tí í múni dúró jẹ́ẹ́ ni.

"Orin wa kò kú o, ọmọ mi," ni Bàbá Àgbà wí. "Bí igi bá lè gbọ́ wa báyìí, Ẹni tó dá igi ńkọ́?"

Kò-kò-kò!

Bàtà ẹ̀ṣọ́ àwọn aláṣẹ nìyẹn, lójú òpópónà.

Kò-kò-kò! Ó ń bọ̀. Kò-kò... Ó dúró. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù gan-an ló dúró sí!

Àyà Gooro ń lù kì-kì-kì. Màmá di ọwọ́ Bàbá Àgbà mú pinpin.

Bàbá Àgbà kò gbé orí sókè. M̀-m̀-m̀-m̀... Àwọn yòókù náà kò gbé orí sókè.

Gooro yọ́ lọ sídìí ògiri. Ó fi ojú kan yọjú níbi tí pákó ti là.

Ẹ̀ṣọ́ rèé. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri pákó, ó mí kanlẹ̀, "Hùùù."

Lójijì, ó ta gìrì! Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Kò rí ẹnikẹ́ni.

Ó yí padà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára pákó. Etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ́.

Gooro ń retí kó pariwo. Kò pariwo.

Ẹ̀ṣọ́ ṣí fìlà. Ó gbé e sí àyà. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí, ojú rẹ̀ sì kún fún ìyanu.

Nígbà tó yá, ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó ń lọ. Bàtà rẹ̀ kò dún kò-kò-kò mọ́. Ó ń yọ́ rìn, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn.

Gooro sáré padà sídìí tábìlì. Ayọ̀ kún inú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọrin tán.

Màmá sún fún un. Gooro fi etí lélẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó sì bá wọn gbé ẹsẹ tó kù.